Òjòlá kékeré fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ṣé regius ni àbí Antaresia?

Àyìnkẹ́_Manchester
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin òjòlá kan tí kò ní dàgbà kọjá agbára ẹnì kan ṣoṣo. Àpótí pákó ti wà nílẹ̀: 120 cm ní gígùn, 60 ní fífẹ̀, 60 ní gíga, gíláàsì tí wọ́n ń fà sí ẹ̀gbẹ́ ló wà níwájú rẹ̀. Mo ń ṣiyèméjì láàárín Python regius, èyí tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ rogodo tí ẹ̀rù bá bà á, àti àwọn òjòlá kékeré ilẹ̀ Australia tí wọ́n ń pè ní Antaresia. Èwo ni kò ní dà mí láàmú? Kí ni mo gbọ́dọ̀ rà kí ejò tó dé? Mo tún gbọ́ pé regius máa ń kọ oúnjẹ fún oṣù gbáko. Ṣé òótọ́ ni?

Pákó_àti_Gíláàsì
Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kúrò nílẹ̀ ná. Regius abo tó ti gbó máa ń gùn tó 120 sí 150 cm, ó sì máa ń wọn kílò kan àbọ̀ sí méjì. Akọ kò tó bẹ́ẹ̀: 90 sí 110 cm, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í tó kílò kan àbọ̀. Àpótí yín gba èyíkéyìí nínú wọn títí ayé rẹ̀.

“Títí ayé” yẹn ni kí ẹ rò dáadáa. Ọdún 20 sí 30 ni ènìyàn ń bá regius gbé. Ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà ní ọ̀kan tó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti 1961. Ní 2020 ó yé ẹyin méje, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ogún ọdún tí akọ kankan kò ti sún mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ ibi tóun máa wà lọ́dún mẹ́wàá sí i, ejò yìí lè pẹ́ ju ilé tó háyà lọ.

Antaresia_Nìkan
Èmi ò fara mọ́ bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ti ẹni tuntun sọ́dọ̀ regius. Ẹ wo Antaresia dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn wọ́n. A. childreni máa ń gùn tó 75 sí 100 cm. A. stimsoni kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. A. maculosa ló máa ń tóbi jù nínú wọn, ó lè lé díẹ̀ ní mítà kan. A. perthensis, tó ń gbé inú ọ̀gán ní ìwọ̀-oòrùn Australia, ni òjòlá tó kéré jù lọ láyé: nǹkan bí 50 sí 60 cm ni, kò sì wúwo ju 200 tàbí 300 gíráàmù lọ.

Wọ́n máa ń rìn káàkiri lálẹ́, wọ́n máa ń gun igi, wọ́n sì ń jẹun bí ẹni tí ebi ọjọ́ mẹ́ta ń pa. Regius á jókòó sínú ihò rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin kì í le fún wọn: 40 sí 50% ti tó, ẹ kàn fi àpótí kékeré kan tó ní ewéko mọ́ọ̀sì tútù sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ awọ. Lórí ibi ìyáná, wọ́n fẹ́ 33 sí 35°C.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọmọ wọn. Ọmọ perthensis tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tín-ínrín débi pé ọmọ eku tí kò tíì hu irun máa ń tóbi fún un, alángbá ló sì ń wá. Ẹni tó ń sìn wọ́n máa ń fi eku pa ara alángbá kó lè mú òórùn rẹ̀, títí ọmọ náà á fi gbà. Nítorí náà, ẹ má ra ọmọ Antaresia kankan tí kò tíì jẹ eku dídì (òkú eku inú fírísà) lásán, láìsí òórùn alángbá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹfà tẹ̀léra. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀, ẹ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun mìíràn ni àlàfo gíláàsì. Níbi tí gíláàsì méjì ti kọjá lára wọn, àlàfo bíi 4 tàbí 5 mm máa ń wà láàárín. Ọmọ Antaresia á gba ibẹ̀ lọ. Àpótí ike kékeré tó ní ìdérí tó ń ti pa ni kí ẹ fi sí títí á fi tó 50 cm.

Baba_Ooru
Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ iná, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ejò jù.

Àpótí pákó lẹ sọ pé ẹ ní. Ẹ má fi heat mat (ẹní tí iná mànàmáná ń mú gbóná) sábẹ́ rẹ̀ rárá. Pákó kì í jẹ́ kí ooru kọjá sókè. Inú rẹ̀ á tutù, abẹ́ rẹ̀ á sì máa gbóná títí tó fi lè jó. Òkè ni kí iná yín ti wá: ceramic tàbí deep heat projector 80 sí 100 W (gílóòbù tó ń mú ooru wá láìtan ìmọ́lẹ̀ ni méjèèjì), kí ó wà ní apá kan àpótí, kí irin ààbò sì yí i ká. Láìsí irin yẹn, ejò á lọ wé mọ́ gílóòbù, kò sì ní kúrò bó tilẹ̀ ń jó o. Òjòlá kì í tètè mọ̀ pé iná ń jó òun. Ojú egbò yẹn máa ń gba oṣù púpọ̀ kó tó san.

Thermostat, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ooru, kì í ṣe ohun àfikún. Irú tó bá gílóòbù mu ni kí ẹ rà. Èyí tó kàn ń tan iná tó ń pa á, heat mat ló wà fún. Pulse, èyí tó ń fi iná ránṣẹ́ ní ìdákúrekú, ló bá ceramic mu. Gílóòbù tó ń tanná fẹ́ èyí tó ń dín iná kù díẹ̀díẹ̀, nítorí pulse á máa mú un ṣẹ́jú títí á fi bàjẹ́. Deep heat projector gba èyíkéyìí nínú méjì ìkẹyìn.

Ojú thermostat, ìyẹn ìdí wáyà tó ń mọ ooru, ẹ so ó mọ́ ògiri lábẹ́ gílóòbù, nǹkan bí 5 cm sókè ilẹ̀, níbi tí ẹ̀yìn ejò máa wà. Ẹ dè é dáadáa. Bó bá já bọ́ sínú àwo omi, thermostat á rò pé òtútù ń mú ejò, á sì tú iná sílẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Mo ka èyí sí ohun tó léwu jù nínú gbogbo àpótí náà.

Fún regius: 32°C lórí ilẹ̀ ibi ìyáná, 25 sí 26 lápá tó tutù, lálẹ́ kí ibikíbi má rẹlẹ̀ ju 24 lọ. Nọ́ńbà tó wà lójú thermostat kì í ṣe ooru ilẹ̀. Ẹ ra ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ooru, ẹ máa yìn ín sí ilẹ̀, kí ẹ sì yí thermostat sókè sódò títí ilẹ̀ fi fún yín ní 32. Ó lè jẹ́ 30 lẹ máa yí thermostat sí, ó lè jẹ́ 34. Àpótí kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kí ẹ fi wò ó láìsí ejò nínú rẹ̀, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lóru.

Àyìnkẹ́_Manchester
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣé iná UV, tó ń ṣe bí ìtànṣán oòrùn, pọn dandan? Mo rí ibi tí wọ́n ti ń bú ara wọn lórí ẹ̀.

Baba_Ooru
Kò pọn dandan kí regius tó lè wà láàyè, torí ó ń rí vitamin D nínú odidi eku tó ń jẹ. Àmọ́ èyí tí kò lágbára, irú tí wọ́n ṣe fún ẹranko tó ń gbé ibòji, kò ṣe é ní láburú bó bá níbi tó lè sá sí. Kí iná ojúmọmọ máa wà fún wákàtí 12, kí òkùnkùn wà fún 12. Ẹ má lo gílóòbù pupa lóru.

Ìyá_Ọ̀rinrin
Ẹ ti sọ̀rọ̀ ooru, ó ku omi. Ní Britain, heater inú ilé máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ nígbà òtútù. Ọ̀rinrin yàrá lè já sí 30%. Regius ń fẹ́ 55 sí 70%. Bí kò bá rí i, awọ á bọ́ ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ dípò kó bọ́ lódindi, awọ ojú á sì lẹ̀ mọ́ ojú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni fífọ́n omi sí gbogbo àpótí láràárọ̀. Òkè ilẹ̀ á rin, abẹ́ á gbẹ, láàárín wákàtí mélòó kan ọ̀rinrin á tún wálẹ̀. Ikùn ejò tó ń sùn lórí ilẹ̀ rírin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe: ẹ tẹ́ èèpo àgbọn gígé tó nípọn tó 8 sí 10 cm, kí ẹ sì da omi bíi ìdajì lítà sí igun àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè lọ sísàlẹ̀. Abẹ́ á tutù, òkè á gbẹ, ooru á máa fa omi náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó tún da omíràn. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ fi silicone tí kò ní oògùn èbu nínú dí ìsopọ̀ pákó, kí ẹ sì dúró kó gbẹ, kí òórùn rẹ̀ tán. Láìṣe bẹ́ẹ̀ pákó á wú.

Ẹ má lo igi kédárì. Epo inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró ejò jẹ́. Páínì náà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ibi ìfarapamọ́ méjì ó kéré tán: ọ̀kan lápá gbígbóná, ọ̀kan lápá tútù, kí méjèèjì rí bákan náà. Kó há. Bí ejò bá ká sínú rẹ̀, kí ara rẹ̀ kan ògiri rẹ̀. Bí ibi tó tutù bá ní ihò tí ibi gbígbóná kò sì ní, ejò á yan ihò, á fi ooru sílẹ̀, oúnjẹ kò sì ní dà nínú rẹ̀.

Ike_ló_Dáa
Ẹ dárí jì mí, mo rò pé àpótí 120 cm ti tóbi jù fún ọmọ regius. Inú ike lítà 10 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kíákíá. Ooru àti ọ̀rinrin kì í yí nínú ike.

Ìyá_Ọ̀rinrin
Àpótí ńlá kọ́ ni wàhálà, òfìfo inú rẹ̀ ni. Ẹ fi ewéko ike kún un, èèpo igi, páálí, igi ẹlẹ́ka, títí ọmọ ejò á fi lè rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láìfara hàn, á sì jẹun nínú 120 cm gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jẹ nínú ike. Ike wúlò fún àyẹ̀wò ejò tuntun àti fún àìsàn, mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí ejò tó ń gùn 130 cm máa gbé inú ike tí kò lè nà tán sí fún ogún ọdún torí pé ó rọrùn fún ẹni tó ń tà á, mi ò gbà.

Ike_ló_Dáa
Ó yé mi. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ike di ìgbà tó bá tó 300 gíráàmù.

Eku_Dídì
Ó kan oúnjẹ. Ẹ ra òṣùwọ̀n ibi ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Láìsí i, ìméfò lásán lẹ ń ṣe.

Ọmọ regius tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń wọn 50 sí 70 gíráàmù. Láti ìgbà yẹn títí á fi tó 500, ẹ fún un ní eku tó tó 10 sí 15% ìwọ̀n rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ejò 60 gíráàmù, eku 6 sí 9 gíráàmù. Láti 500 sókè ẹ dín in kù sí nǹkan bí 7%, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tàbí mẹ́ta. Àgbà fẹ́ 5% lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ejò 1,500 gíráàmù, eku bíi 75 gíráàmù. Àwọn tó ń fún àgbà ní eku ńlá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń kó ọrá sí i lára ni, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á sì jìyà rẹ̀.

Bí a ṣe ń yọ yìnyín kúrò lára eku: ẹ gbé e láti fírísà sínú fíríìjì lálẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Tí alẹ́ bá lẹ́, ẹ fi í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, ẹ rì í sínú omi 40°C fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ tẹ ikùn rẹ̀: bí ó bá ṣì le nínú, yìnyín ṣì wà níbẹ̀, ejò sì lè pọ̀ ọ́. Ẹ nù ún gbẹ. Ẹ tún mú orí rẹ̀ gbóná díẹ̀ sí i, torí ihò tó wà létè regius ń rí ooru, orí ló sì máa kọ́kọ́ lépa. Ẹ má fi microwave ṣe é. Inú á jinná, ikùn á bẹ́. Omi híhó náà ń bó awọ rẹ̀.

Ẹ̀mú gígùn ni kí ẹ fi gbé e sí i, 25 cm ó kéré tán. Ẹ pa iná yàrá. Ẹ gbé eku kọjá lẹ́nu ihò rẹ̀ bí ẹran tó ń kọjá lọ, ẹ má tì í sí i lójú. Bí kò bá mú un, ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ihò di àárọ̀, kí ẹ sì gbé e dànù.

Eku ààyè? Mi ò ní gbani nímọ̀ràn rẹ̀. Eku tí ebi ń pa á jẹ ẹ̀yìn òjòlá tí kò fẹ́ jẹun dé egungun.

Àyìnkẹ́_Manchester
Bí ó bá wá kọ oúnjẹ ńkọ́? Ẹ ò tíì dá mi lóhùn níbẹ̀ o.

Eku_Dídì
Òótọ́ ni pé ó ń kọ̀, ìdí rẹ̀ sì máa ń wà. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí. Ooru ilẹ̀ kọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ 28, ẹ má wá ẹlòmíì dá lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, ihò méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀: bí ojú bá ti funfun, ó fẹ́ bọ́ awọ, ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ìgbà: akọ tó ti gbó máa ń fi oúnjẹ sílẹ̀ láti nǹkan bí November dé March torí abo ló ń wá, abo tó ń pèsè ẹyin náà sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo èyí bá tọ́, ẹ pààrọ̀ ẹran: ejò tó mọ eku kékeré lè má ka eku ńlá sí oúnjẹ.

Ohun tó ń sọ kíkọ̀ di àìsàn ni pé àwọn èèyàn máa ń gbé oúnjẹ wá lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 7 sí 10, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì má fọwọ́ kàn án láàárín. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àgbà tó sanra lè fi oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbààwẹ̀ láìjò. Ọmọ ejò kò ní irú ọrá bẹ́ẹ̀ lára. Bó bá ti pàdánù 10% ìwọ̀n rẹ̀, dókítà ẹranko ló kàn. Fífi tipátipá bọ́ ọ, dókítà ni kó ṣe é.

Bó bá jẹun tó sì pọ̀ ọ́, ọjọ́ 10 sí 14 ni kí ẹ fi dá oúnjẹ dúró, kí èyí tó máa tẹ̀ lé e sì jẹ́ ìdajì ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Mo kí gbogbo yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin. Ẹ máa rántí pé ilẹ̀ wa níbí ni regius ti wá. Láti Senegal títí dé Uganda ló ti ń gbé, àmọ́ Togo, Benin àti Ghana ni púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun ti ń jáde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ máa ń gbẹ́ ihò eku àti ọ̀gán nínú oko, wọ́n á mú abo tó lóyún tàbí ẹyin rẹ̀, ẹyin á pa ní ọgbà àwọn oníṣòwò, ọmọ á sì wọ bàálù. Ní Ouidah, àwọn tó ń sin Dangbé kì í pa á: ilé òrìṣà òjòlá wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn òjòlá náà jáde lọ wá oúnjẹ, ará ìlú tó bá sì bá a nílé rẹ̀ á gbé e padà.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹ máa rí regius tó pọ̀ rẹpẹtẹ ní ṣọ́ọ̀bù yín nígbà ìrúwé. Ẹyin tí wọ́n kó nínú igbó ló pa irú wọn. Eégbọn máa ń wà lára wọn, pàápàá Amblyomma latum, ní ihò imú, yí ojú ká àti lábẹ́ ìpẹ́ ọrùn. Aràn náà wà nínú wọn, òǹgbẹ á sì ti gbẹ wọ́n kí wọ́n tó dé. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹranko àti ewéko, ti ka ẹ̀yà yìí mọ́ àwọn tí ewu ti ń sún mọ́. Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún un, ọmọ tí wọ́n sin òbí rẹ̀ nínú ilé ni kó rà. Bí ẹ bá rí eégbọn, ẹ̀mú ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi fà á láti ìdí orí, lọ́gán, láìyí i. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i.

Ẹ̀gbá_lókè_Odò
Ẹ kú àlàyé. Abẹ́òkúta lèmi wà. Ooru ilẹ̀ wa ti tó, àbí? Eku inú oko sì kún ìta. Ẹnì kan tún fẹ́ ta ọmọ òjòlá fún mi, ó ní kékeré ni, kò ní dàgbà.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Àbúrò, ẹ rọra. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe ọmọ erè ńlá, Python sebae, ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ọmọ sebae tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ti ń gùn tó 45 sí 60 cm, nígbà tí ti regius kì í sábà ju 40 lọ. Àmì dúdú bí orí ọfà wà lórí sebae, igun mẹ́ta dúdú sì wà lábẹ́ ojú rẹ̀. Regius ní orí dúdú tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú rẹ̀ kọjá lápá kọ̀ọ̀kan. Sebae á gùn tó mítà mẹ́ta sí márùn-ún, kì í sì í tutù lọ́wọ́. Òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, kan méjèèjì, Àfikún Kejì. Ẹ má ra èyí tí kò ní ìwé, ẹ má sì gbé e kọjá bodè.

Dókítà_Ọ̀sìn
Lórí eku oko: rárá, rárá. Mastomys natalensis, eku tó kún oko àti ilé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì ibà Lassa. Ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń gbà wọ ara ènìyàn, ẹni tó ń mú un, tó ń pa á, tó ń wọ̀n ọ́n lórí tábìlì ló wà nínú ewu jù. Fírísà kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ondo àti Edo mọ ohun tí ibà yìí ń ṣe lọ́dọọdún. Eku funfun tí wọ́n sìn ní yàrá ẹranko yunifásítì tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń sin eku fún títà ni kí ẹ lò.

Lórí ooru: ní Abẹ́òkúta ewu yín ni kó gbóná jù. Lábẹ́ páànù lọ́sàn-án March, inú àpótí gíláàsì lè kọjá 35°C, ó sì lè pa á. Yàrá tó tutù jù nílé ni kí ẹ gbé e sí, kí oòrùn má kan gíláàsì rárá. Ọyẹ́ nìkan ni òru máa ń tutù tó láti gba ìtọ́jú. Aṣọ nípọn lórí àpótí lè tó, bí òṣùwọ̀n ooru bá fi hàn pé ó ṣì wà lókè 24. Ọyẹ́ yẹn náà ló ń gbẹ ọ̀rinrin, ẹ wo ohun tí Ìyá Ọ̀rinrin sọ.

Kí n tó fi ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ gbọ́ ti àìsàn. Ejò tuntun gbọ́dọ̀ dá wà ní yàrá ọ̀tọ̀ fún oṣù mẹ́ta, lórí pépà funfun, kí ìgbẹ́ àti kòkòrò lè hàn. Òun ni kí ẹ tọ́jú gbẹ̀yìn lójúmọ́. Kòkòrò tó wọ́pọ̀ jù ni Ophionyssus natricis: dúdú, kò tó orí abẹ́rẹ́, ó máa ń kóra jọ sí etí ojú àti abẹ́ àgbọ̀n. Bí ejò bá ń gbé inú àwo omi látàárọ̀ dalẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ àwo náà. Ẹ máa rí wọn níbẹ̀ tí wọ́n rì. Oògùn orí ejò nìkan kò tó, nítorí inú àlàfo pákó ni wọ́n ń yé sí. Ẹ da gbogbo ohun tí ẹ tẹ́ nù, ẹ fi pépà rọ́pò, ẹ fọ àpótí, ẹ tún ìtọ́jú ṣe bí dókítà ṣe sọ títí ẹyin tó kù á fi pa tán, ìyẹn sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwọ̀n oògùn, ẹ má méfò rẹ̀.

Ejò tó ń la ẹnu, tó ń gbé orí sókè láti mí, tí ikun ń yọ lẹ́nu rẹ̀: ẹ̀dọ̀fóró ni. Nígbà míì òtútù àti ilẹ̀ rírin ló fà á, bakitéríà ni, oògùn á sì ràn án. Nígbà míì nidovirus, irú fáírọ́ọ̀sì kan, ni. Ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lára òjòlá, kò ní oògùn, ó sì ń ràn. Òwú tí wọ́n fi nu ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ní òjòlá ju ọ̀kan lọ, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó kó wọn pọ̀ sí yàrá kan.

Ènìyàn ńkọ́? Salmonella, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ní Britain, eku dídì ti ń kó Salmonella Enteritidis ran àwọn tó ń sin ejò láti 2015. Ẹ má yọ yìnyín rẹ̀ nínú abọ́ oúnjẹ, ẹ má fọ àwo omi ejò nínú sínkì ìdáná, ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá wà nílé, kó má fọwọ́ kàn án.

Antaresia_Nìkan
Bí ẹ bá wá yan regius, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ tàn yín. Láti ìgbà tí Bob Clark, ará Amẹ́ríkà tó ń sin òjòlá, ti sin albino (àfín) àkọ́kọ́ ní 1992, àwọ̀ ti di ọjà ńlá. Spider, ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ náà, ni kí ẹ yẹra fún: àbùkù inú etí àti ọpọlọ bá a wá, orí rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa lọ́, òmíràn kì í lè ta ẹran mú. Àbùkù yẹn kì í yà kúrò lára àwọ̀ náà, bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé ti òun kò ní in, ó ní in ni.

Àyìnkẹ́_Manchester
Ẹ ṣé o. Mo ti ń fì sí maculosa. Ṣé mo nílò ìwé àṣẹ? Báwo sì ni mo ṣe máa gbé e délé nígbà òtútù yìí?

Pákó_àti_Gíláàsì
Kò sí ìwé àṣẹ fún èyíkéyìí nínú wọn ní Britain. Òjòlá kò sí nínú òfin ẹranko eléwu ti 1976. Àmọ́ òfin ìtọ́jú ẹranko ti 2006 dè yín, CITES sì gba pé kí ẹ lè fi ibi tí ẹ ti rà á hàn, nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì. Australia kì í jẹ́ kí wọ́n kó Antaresia ààyè jáde fún òwò. Èyí tí ẹ máa rí ní Yúróòpù, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n ti ń sìn níbẹ̀ tipẹ́ ni.

Gbígbé e délé: kí ó má tíì jẹun láàárín ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Àpò òwú tí ẹ so lẹ́nu, ẹ fi í sínú páálí polystyrene tó ní ihò mẹ́rin. Ẹ tan heater mọ́tò títí inú rẹ̀ á fi tó 25°C kí ẹ tó gbé e wọlé, kí ẹ má fi ìgò omi gbígbóná kan àpò náà. Tí ẹ bá délé, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tú u sí ike, kí ẹ má sì ṣí i fún ọjọ́ márùn-ún sí méje àfi láti pààrọ̀ omi. Oúnjẹ àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà, kó kéré ju èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má gbé e lọ́wọ́ títí á fi jẹun lẹ́ẹ̀mẹta láìpọ̀ ọ́, lẹ́yìn ìyẹn náà, wákàtí 48 lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan.

Antaresia_Nìkan
Ọmọ maculosa máa ń géni o, ẹ má bínú sí i. Ó máa ń fi í sílẹ̀ bó bá ti ń dàgbà. Ẹ fi irin gígùn kàn án lẹ́yìn kí ọwọ́ tó wọlé, á mọ̀ pé oúnjẹ kọ́ ló dé.